Ẹ̀rọ Ìgbọ́rọ̀ Àwọn Àgbàlagbà: Kí Ló Dé Tí Ontàjà Ń Kánjú?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ó ti pẹ́ tí irú ìkéde kan ti ń wọ ilé àwọn àgbàlagbà, yálà nínú ìwé ìròyìn tàbí nínú lẹ́tà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé wá. Ìkéde náà yóò sọ pé ilé-iṣẹ́ kan ń wá ọgbọ̀n ènìyàn péré tí wọn kò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, kí wọ́n wá dán ẹ̀rọ tuntun kan wò, pé ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò etí tí wọn yóò ṣe fún wọn, àti pé ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni ètò náà yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Àwọn lẹ́tà mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n tẹ̀ lọ́nà tí wọn yóò fi jọ ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Ẹni tó bá jẹ́ ìpè náà yóò rí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ gbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwádìí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kankan tó ń dúró de ọgbọ̀n ènìyàn níbẹ̀. Ọjà ni wọ́n ń tà, oníbàárà ni wọ́n sì ń wá.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí à ń fi sí inú etí tàbí sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó lè gbé ohùn sókè, jẹ́ ohun èlò gidi tó ti dá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà padà sí àárín ẹbí àti ojúgbà wọn. Àwọn olóòótọ́ sì pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á. Ohun tó yẹ kí ènìyàn fura sí ni ìkánjú, nítorí pé ẹ̀rọ yìí jẹ́ ọjà kan tí ẹni tó rà á kò lè mọ̀ ní ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan bóyá ó bá òun mu.

Ohun tó ń ṣe etí àgbà

Nínú ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2021 lórí ọ̀rọ̀ etí, àjọ náà ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní mílíọ̀nù 430 ènìyàn lágbàáyé tí àìgbọ́rọ̀ wọn ti le débi pé wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́. Láàárín àwọn tó ti kọjá 60 ọdún, ó lé ní ẹnì kan nínú mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Nínú etí lọ́hùn-ún, àwọn sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ kan wà tó hu nǹkan bí irun lórí. Àwọn ló ń sọ ìró di iṣẹ́ tí iṣan ń jẹ́ fún ọpọlọ. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, tàbí bí ènìyàn bá ti gbé inú ariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á máa kú díẹ̀díẹ̀, wọn kì í sì í hù padà. Àwọn tó ń gba ìró tínrín tó lọ sókè ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ.

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá lè mọ bí èyí ṣe rí bí ó bá gbé gbólóhùn méjì wò: "ó fẹ́ ẹ" àti "ó sẹ́ ẹ". Ohùn orí wọn dọ́gba, fáwẹ́lì wọn kò yàtọ̀. Kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo ló yà wọ́n, f níhìn-ín, s lọ́hùn-ún, ó sì jẹ́ pé láàárín àwọn ìró tínrín ni agbára àwọn méjèèjì wà. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí èdè Yorùbá fi ń ṣiṣẹ́ wà ní ọ̀dọ̀ ìró tó nípọn, èyí tí etí àgbà sábà máa ń dì mú pẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí baba yóò fi gbọ́ orin ọ̀rọ̀ tí kò sì ní gbọ́ ọ̀rọ̀ gan-an, tí yóò máa sọ pé àwọn ọmọ ń kùn lẹ́nu, tí àwọn ọmọ yóò sì máa pariwo mọ́ ọn lásán.

Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tí wọ́n ṣètò dáadáa ń gbé àwọn ìró tó ti lọ wọ̀nyí sókè níwọ̀n tí àyẹ̀wò fi hàn pé etí náà nílò. Kò lè sọ etí di tuntun. Ọpọlọ tí kò sì tíì gbọ́ ìró kan dáadáa fún ọdún pípẹ́ yóò ní láti tún un kọ́. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìró abọ́ tí wọ́n ń fọ̀, ìró ẹsẹ̀ ẹni lórí ilẹ̀, títí kan ohùn ẹni fúnra rẹ̀, lè dà bí ohun àjèjì. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi: ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nígbà mìíràn oṣù mélòó kan, ni ó ń gbà kí ó tó mọ́ni lára, ẹni tó ta ẹ̀rọ náà yóò sì ní láti tún un ṣètò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ìgbà náà. Ontàjà tó mọṣẹ́ mọ èyí. Alábòsí náà mọ̀ ọ́n, ìdí sì nìyẹn tí ó fi ń fẹ́ kí owó ti wọlé kí oníbàárà tó délé.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń tà á

Wọ́n á ní kí àgbàlagbà náà mú ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ dání. Àlàyé tí wọ́n máa ń ṣe ni pé ohùn ẹni tó mọ̀ dáadáa ló dára jù láti fi dán ẹ̀rọ wò, òótọ́ díẹ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn wà tí ẹnì kejì yìí ń ṣe fún ontàjà: kò ní sí àyè mọ́ fún baba láti sọ pé òun fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà lọ ìyàwó òun nílé. Ìyàwó ti wà níjòókòó.

Wọ́n á fi ẹ̀rọ sí baba létí, wọ́n á ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ dúró ní ìdí ògiri, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́. Baba á gbọ́. Omi á bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Kò sí irọ́ nínú omijé yẹn, àmọ́ yàrá tó pa rọ́rọ́ ni wọ́n wà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun agbóhùnsókè tí kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ilé oúnjẹ, ilé ìjọsìn, òde ìgbéyàwó, ibi tí ènìyàn mẹ́fà ti ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, níbẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ ẹ̀rọ tó dára.

Lẹ́yìn omijé ni iye owó ń jáde. Ontàjà á kọ́kọ́ dárúkọ iye kan tó ga fíofío, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pe ọ̀gá òun lórí fóònù, á sì padà wá pẹ̀lú iye tó wálẹ̀ gidigidi, bí wọ́n bá lè fọwọ́ sí ìwé lónìí. Bí baba bá ní òun fẹ́ lọ rò ó wò, wọ́n á bi í pé kí ló tún kù láti rò, ṣé ìyàwó rẹ̀ tó ti ń pariwo sí i láti ọdún yìí wá kò ṣe pàtàkì lójú rẹ̀ ni? Ìbéèrè yẹn kò kan etí mọ́, ìtìjú ni wọ́n fi ń ta ọjà. Baba tó bá sì ti jókòó fún wákàtí méjì, tí wọ́n ti fún ní tíì mu, tí wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́, lè máa rò pé ìwà àìmoore ni bí òun bá kàn dìde lọ.

Owó náà kì í ṣe kékeré. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sọ nínú ìròyìn kan ní ọdún 2016 pé ní ọdún 2013, ẹ̀rọ méjì fún etí méjèèjì ń lọ ní nǹkan bí 4,700 dọ́là ní ìpíndọ́gba. Medicare, ètò ìlera tí ìjọba ibẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1965 fún àwọn tó ti pé 65 ọdún, kì í san owó ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ nínú ètò rẹ̀ àtilẹ̀bá. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ń san án láti inú àpò ara wọn, àwọn mìíràn sì ń jẹ gbèsè nítorí rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ìlera NHS ń fún ẹni tó bá nílò ẹ̀rọ náà láìgba owó, ti òun ti bátìrì rẹ̀, èyí sì ti gba ohun ìjà kan lọ́wọ́ ontàjà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ló ń gba kọmíṣọ̀n lórí ohun tí wọ́n bá tà, kò sì yani lẹ́nu bí ẹnu wọn bá ń yá sí ẹ̀rọ tó wọ́n jù.

Àwọn ẹ̀tàn kéékèèké mìíràn wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ìdọ̀tí lásán ló dí i létí lè gbé ẹ̀rọ lọ sílé, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì ì bá bá a yọ ìdọ̀tí náà kíá. Àwọn kan kì í fẹ́ fún oníbàárà ní ìwé àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀, kí ó má bàa gbé e lọ bi ẹlòmíràn ní iye. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan sì ń ta ẹ̀rọ tí wọ́n ti tì pa, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù wọn nìkan ló lè tún un ṣètò. Bí wọ́n bá kó kúrò ní ìlú, ẹrù inú àpótí ni ẹ̀rọ náà dà.

Ọ̀rọ̀ dídùn tí kò ní ẹ̀rí

Ìlérí tó ti pẹ́ jù lọ ni pé ẹ̀rọ yóò yọ ariwo kúrò, yóò sì fi ọ̀rọ̀ nìkan sílẹ̀. Ní ọdún 1993, àjọ FDA tó ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ohun èlò ìlera ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ mẹ́fà tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ nípa irú ìpolówó báyìí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ilé-iṣẹ́ Dahlberg, tó ń ṣe ẹ̀rọ Miracle-Ear nígbà náà, lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí ohun tó sọ nípa ẹ̀rọ kan tó pè ní Clarifier. Ẹ̀sùn náà ni pé ìpolówó ọ̀hún rú àṣẹ kan tí FTC, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, ti pa fún ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún 1976. Ní ọdún 1995, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti san mílíọ̀nù 2.75 dọ́là kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Ẹ̀rọ òde òní ti sàn ju ti ìgbà náà lọ gan-an nínú ariwo, síbẹ̀ kò tíì sí èyí tó lè ya ohùn aya sọ́tọ̀ pátápátá kúrò nínú ariwo àríyá.

Ìlérí kejì ni ti ìwé ẹ̀rí. Àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń gbé ìwé kan tó rẹwà jáde, tí wọ́n lẹ àmì FDA mọ́, pé àjọ náà ti fún àwọn ní ìwé ìforúkọsílẹ̀. FDA fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé òun kì í fúnni ní irú ìwé bẹ́ẹ̀, àti pé fífi orúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun kò túmọ̀ sí pé òun ti fọwọ́ sí ọjà tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣe.

Ẹ̀kẹta ló ń dẹ́rù bani jù: pé ẹni tí kò bá ra ẹ̀rọ yóò di ẹni tí ń gbàgbé ohun gbogbo. Òótọ́ kan wà nídìí rẹ̀, èyí ló sì mú kí ó lágbára. Àwọn onímọ̀ ti ka àìgbọ́rọ̀ mọ́ ara ohun tó lè mú kí àìsàn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó wọ́pọ̀ sí i. Àmọ́ nínú ìwádìí ńlá kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní ọdún 2023, wọ́n fi ọdún mẹ́ta tẹ̀ lé ènìyàn 977 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 70 sí 84. Lápapọ̀, àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kò yàtọ̀ sí àwọn tí wọn kò fún. Láàárín àwọn tí ewu ìgbàgbé ti pọ̀ lára wọn tẹ́lẹ̀ nìkan ni ọpọlọ ti dín ìfàsẹ́yìn rẹ̀ kù, ní nǹkan bí ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́, ó sì tó kí dókítà fi gba àgbàlagbà níyànjú. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti sọ fún ìyá arúgbó pé bí kò bá fọwọ́ sí ìwé kí ilẹ̀ tó ṣú, òun kò ní mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀

Bí ènìyàn bá tọ ìtàn òfin ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ní Amẹ́ríkà, yóò rí i pé lórí ọjọ́ ni ìjà náà ti ń yí fún àádọ́ta ọdún. Ní ọdún 1975, àjọ FTC dábàá pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ra ẹ̀rọ náà ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Wọ́n jiyàn lórí àbá náà fún ọdún mẹ́wàá, wọ́n sì pa á tì ní ọdún 1985. Láàárín ìgbà náà, ní ọdún 1977, FDA ṣe òfin tirẹ̀ pé kí dókítà kọ́kọ́ yẹ oníbàárà wò, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún àgbàlagbà láti fọwọ́ sí ìwé pé òun kò fẹ́ àyẹ̀wò. Ẹni tó mọ ènìyàn yóò ti mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Ìwé náà kàn di ọ̀kan lára àwọn ìwé tí ontàjà ń tì síwájú oníbàárà pẹ̀lú bírò, nígbà tó sì di ọdún 2016, FDA kéde pé òun kò ní máa fi tipátipá mú òfin náà ṣẹ mọ́ fún àwọn àgbà.

Àwọn ìpínlẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní òfin tó fún oníbàárà ní ọgbọ̀n ọjọ́. New York àti California fún un ní 45. Bákan náà, òfin FTC kan wà tó fún ẹni tó rajà nínú ilé ara rẹ̀, tàbí ní ibi tí ontàjà kàn háyà fún ìgbà díẹ̀ bí i yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta láti yí ọkàn padà. Òtẹ́ẹ̀lì sì ni ọ̀pọ̀ ìpàdé ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ti ń wáyé.

Ìyípadà ńlá dé ní ọdún 2022. Láti ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni àgbà tó ti pé ọdún 18, tí àìgbọ́rọ̀ rẹ̀ kò le púpọ̀, ti lè ra ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba ìwé dókítà. Èyí ti mú kí ẹ̀rọ tí owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ó sì ti já ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà lọ́wọ́ yàrá tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n òfin tuntun náà kò fi dandan lé e pé kí ontàjà gba ọjà padà. Ohun tí ó pa láṣẹ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sí ara páálí bóyá àwọn ń gbà á padà tàbí àwọn kì í gbà á. Ẹni tí kò bá ka ara páálí ni yóò jìyà rẹ̀.

Ní Nàìjíríà

Irú ẹ̀rọ wọ̀nyí ti ń wọ Nàìjíríà gba orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ tó wà lókè òkun náà sì ń fi ránṣẹ́ sí òbí wọn. Púpọ̀ nínú èyí tó pọ́ọ́kú kì í ṣe ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ rárá. Ohun tó kàn ń gbé gbogbo ìró sókè bákan náà ni, tó fi mọ́ ìró tí etí náà ti ń gbọ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, ó sì lè ba ìyókù etí jẹ́.

Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, àjọ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, ka fífi ipá, halẹ̀mọ́ni tàbí ìfúngunmọ́ni tajà léèwọ̀. Ó tún sọ nípa ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà ní àwọn ipò kan, láàárín àkókò tó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n kò dárúkọ iye ọjọ́ kan pàtó fún ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ bá ontàjà sọ ọ́ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì: iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dán an wò, iye tí yóò yọ kúrò nínú owó yín bí ẹ bá dá a padà, àti iye ìgbà tí yóò bá yín tún un ṣètò láìgba owó. Ontàjà tí kò bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yín.

Ẹ tún lè béèrè bóyá ẹni tó yẹ etí yín wò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ MRTB, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn onímọ̀ nípa ìgbọ́rọ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ̀ka ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ńlá bí i UCH ní Ìbàdàn àti LUTH ní Èkó, ìjọba àpapọ̀ sì ní ilé ìtọ́jú etí kan ní Kàdúná tó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Àwọn àmì kan wà tó jẹ́ pé dókítà ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ rí, kí ó tó bá ontàjà kankan sọ̀rọ̀: bí ọyún, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde létí, bí etí bá ń dunni, bí òòyì bá ń kọ́ni, bí etí kan bá ń hó tí èkejì kò hó, tàbí bí etí kan bá dí ju èkejì lọ. Etí tó bá ṣàdédé dí láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta jẹ́ ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, nítorí ìtọ́jú tó bá tètè dé ló ní ìrètí jù.

Ní ti ẹni tó ti rà á, tí ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀, kí ó má fi í pa mọ́ nítorí ìtìjú lójú àwọn ọmọ. Kí ó máa lò ó lójoojúmọ́, kí ó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀, tàbí kí ọmọ bá a kọ ọ́, ibi tí ó ti gbọ́rọ̀ àti ibi tí kò ti gbọ́. Kí ó gba ìwé àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀, kí ó gbé e pẹ̀lú ẹ̀rọ náà lọ sọ́dọ̀ onímọ̀ mìíràn tí kò ní ẹ̀rọ kankan láti tà. Bí ó bá sì pinnu láti dá a padà, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ọjọ́ tó wà lórí rìsíìtì tó pé, kí ó sì gba ìwé tó fi hàn pé ọjọ́ báyìí ni ontàjà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.